Bí mo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù láti Ìjẹ̀bú-Òde: ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán yín ní sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ ó wọlé. Èmi wọlé. Àga mi wà níbi tí wọ́n ní ó wà, kò sẹ́ni tó jókòó sí i, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Ẹgbẹ́ 7 láti Lọ́ńdọ̀nù ló wà nínú Premier League ní sáà tí mò ń sọ yìí, ọ̀kan nínú wọn sì ni tèmi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ní ẹjọ́ láti bá wọn rò, mi ò sì fẹ́ kó di pé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ mìíràn gbé e, kí wọ́n máa fi ṣe wá ní yẹ̀yẹ́. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Àwọn tó ń wá ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́wọ́ mi mọ̀ pé bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, bọ́ọ̀lù ni yóò máa sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ṣègbéyàwó, tí físà mi sì jáde, mo sọ fún wọn nílé pé bí mo bá lọ jẹun ìyàwó láìfojú kan pápá ẹgbẹ́ mi, ìrìn náà kò pé.

Níbí, bí Remo Stars bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkẹ́nnẹ́, màá wọ mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde, màá dé ẹnu géètì, màá sanwó, màá wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wò wọ́n, títí kan sáà tí wọ́n gba líìgì ilẹ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025. Ẹni tó bá gbé irú ọkàn yẹn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yóò dúró síta ni. Wíwá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ńlá níbẹ̀ dà bí ẹni ń wá yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba: owó wà lọ́wọ́, àyè ni kò sí. Pápá Arsenal gbà ju 60,000 èèyàn lọ, ti Tottenham gbà ju 62,000 lọ, ti Brentford kò sì ju bíi 17,000 lọ. Ṣùgbọ́n kí ìwọ àlejò tó dé, àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo sáà lẹ́ẹ̀kan náà ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àga náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń tà fún ẹ ni ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé níbí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń bínú. Owó ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tọ́ láti tọrọ tíkẹ́ẹ̀tì lo rà. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá ń ṣẹ́ kèké, gẹ́gẹ́ bí Arsenal ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti sáà 2023/24, wàá fi orúkọ sílẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó o fẹ́, kọ̀ǹpútà yóò ṣà nínú orúkọ, wọn yóò sì fi ímeèlì sọ fún ẹ bóyá ó bọ́ sí ẹ tàbí kò bọ́ sí ẹ. Tèmi náà ń ṣẹ́ kèké. Kò bọ́ sí mi. Mi ò lè bínú sí ìyẹn. Ó kúkú sàn ju kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ yá jù máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó wà nílé ni pé kó ṣọ́ aago dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa àti tiwọn ṣe déédéé. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Bí wọ́n bá ní aago mẹ́wàá, mọ èyí tí wọ́n ń sọ.

Nípa owó sísan, káàdì náírà mi ò kọjá. Káàdì àkáǹtì dọ́là mi ló kọjá. Fọ́ọ̀mù wọn kò sì jẹ́ kí n lọ síwájú àfi tí mo bá kọ nọ́ńbà pósítì ti àdúgbò mi, nọ́ńbà tí n kò rí ẹnikẹ́ni lò rí ní gbogbo Òkè-Àjẹ. Ẹ wá a kalẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí tèmi ni ojú ewé tí àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì sáà ti ń dá àga wọn padà bí wọn ò bá lè wá. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ni ín, iye tí ẹgbẹ́ kọ sí àga náà ni wọ́n sì ń tà á; kò sẹ́ni tó ń fowó lé e. Bí ó ṣe rí nìyí. Wọ́n ya àwòrán pápá náà sójú fóònù, àga kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì róbótó kékeré, gbogbo wọn sì ní àwọ̀ eérú. Lójijì, ọ̀kan á tàn búlúù. Kí ìka mi tó kàn án, ó ti padà di eérú. Òmíràn á tàn ní apá kejì pápá, màá sáré tẹ̀ ẹ́, wọn á ní ẹlòmíràn ti mú un. Ọ̀gànjọ́ òru ni mo máa ń ṣe é, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yá nígbà náà, tí àwọn aládùúgbò bá ti pa jẹnẹrétọ̀. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó ní, “Ìyá Ìbejì, orí fóònù yẹn lo máa sùn sí lónìí ni?” Mi ò dáhùn, torí ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn góòlù, ìka mi sì ti wà níbẹ̀. Aago kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn: kí n sanwó kó tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àga á bọ́. Báǹkì fi kóòdù ránṣẹ́, kóòdù kò tètè dé. Ó dé. Mo kọ ọ́ sí i. Ariwo tí mo pa jí àwọn ọmọ.

£58 ni. Pọ́n-ùn kan ń lọ sí bíi ₦2,000 nígbà náà, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ó wọ́n, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò wọ́n. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ gan-an ń sunkún rẹ̀. Ní February 2016, nígbà tí Liverpool fẹ́ gbé tíkẹ́ẹ̀tì kan dé £77, ẹgbẹẹgbẹ̀rún alátìlẹ́yìn wọn dìde kúrò ní pápá ní ìṣẹ́jú 77 nígbà tí wọ́n ń bá Sunderland gbá, ẹgbẹ́ náà sì yí ìpinnu rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ Premier League fẹnu kò pé alátìlẹ́yìn tó bá tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ san ju £30 lọ. Mo ń sọ èyí torí a máa ń rò pé kò sí ohun tí aláfẹ́ bọ́ọ̀lù lè ṣe sí ẹgbẹ́. Ó wà.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló kàn. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe ìwé mọ́. Inú fóònù ló ń wọ̀, wàá sì fi ẹ̀yìn fóònù kan ẹ̀rọ ẹnu géètì. Kí fóònù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní NFC, ìyẹn ohun kékeré inú fóònù tó ń jẹ́ kó bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ti fara kanra. Ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń rà ní Fọlágbadé nílùú wa níbí kò ní in, tèmi náà kò ní in. Wọn ò sọ èyí fún mi kí wọ́n tó gba owó mi. Mo kọ̀wé sí wọn. Ìdáhùn pẹ́ kó tó dé, àyà mi sì ń já, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni tó kọ ọ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé kí n mú ìwé ìrìnnà mi dání, kí n tètè dé síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá pápá, wọn yóò tẹ ìwé fún mi. Mo débẹ̀, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo orúkọ mi, ó wo ojú mi, ó gbìyànjú láti pe orúkọ náà bó ṣe yẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́ fún mi kíá. Bí wọ́n bá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa èyí sí ojú ewé tí a ti ń sanwó, ọ̀pọ̀ èèyàn ni àyà wọn kò ní já.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tó tóbi jù ni ọjọ́ eré. Nínú ìwé ètò wọn, Sátidé ni wọ́n kọ ọ́ sí, èmi náà sì fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú: ìgbéyàwó ní Sátidé tó ṣáájú, bọ́ọ̀lù ní Sátidé kejì, kí n fò padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Tẹlifíṣọ̀n mú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, wọ́n sún un sí ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Mo ní láti sanwó kún owó ọkọ̀ kí wọ́n tó bá mi yí ọjọ́ padà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ló ń yan ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n fẹ́, ṣùgbọ́n orí ìròyìn ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ní ímeèlì mi, tó sì ń fi ìpolówó jẹ́sì ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ní ilẹ̀ wọn, wọn kì í fi bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta Sátidé hàn lórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Àtọdúnmọ́dún ni òfin náà ti wà, kí àwọn èèyàn lè máa lọ sí pápá. Èmi ń wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àjẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè wò ó nílé.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan àwọn ajẹ́nti. Ọ̀kan wà tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì Premier League lórí WhatsApp fún àwa ará ìlú tó ń rin ìrìn-àjò. Ẹnìkan nínú régbérégbé ọkọ mi sanwó fún un, owó tó tó ìlọ́po mélòó kan tèmi, àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ló sì rí gbà. Ó dé ẹnu géètì Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù, ẹ̀rọ kò ṣí fún un, ajẹ́nti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àgbàlagbà tó ti dáná ayẹyẹ nílùú, tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì bí ẹni tó fẹ́ jalè! Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n pé lábẹ́ òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1994, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ẹgbẹ́ kò fún láṣẹ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Òfin náà nídìí. Ní 1989, ní Hillsborough ní Sheffield, ogunlọ́gọ̀ há mọ́ ibi ìdúró, 97 ni ẹ̀mí wọn sì bá a lọ. Adájọ́ tó wádìí rẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó bá wá wo bọ́ọ̀lù ní àga tirẹ̀, ó sì ní kí títà lẹ́yìn ẹgbẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bèèrè orúkọ, tí wọ́n ń bèèrè ìwé ìrìnnà, tí wọ́n sì ń ti àkáǹtì ẹni tó bá tún tíkẹ́ẹ̀tì tà pa. Nígbà tí mo mọ èyí, gbogbo ìbéèrè wọn kò dùn mí mọ́.

Nínú pápá, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Àtẹ̀gùn ga, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán rí i pé mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó mú mi dé ẹsẹ̀ àga mi gan-an. Wọ́n gbá góòlù kan wọlé wa, àwa gbá méjì wọlé wọn.

Bí mo bá fẹ́ fún iṣẹ́ wọn ní máàkì, màá fún ìdáàbòbò àti òtítọ́ wọn ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, màá sì fún bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀ ní mẹ́rin. Mo ti kọ̀wé sí wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun méjì ni mo béèrè: kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ NFC síbi ìsanwó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ eré kọ̀ọ̀kan pé ó ṣeé ṣe kó yí padà, kí wọ́n wá fi ímeèlì sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ bó bá yí. Wọ́n ti dáhùn sí ti àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Wọn ò tíì sọ nǹkan kan nípa èkejì.