Adesanya ń jà, Amazon ń polówó: àyẹ̀wò EA Sports UFC 4

Israel Adesanya tí wọ́n bí sí Èkó ló wà lára páálí géèmù ìjà yìí tí iléeṣẹ́ EA ṣe, òun àti Jorge Masvidal. Ẹni tó sanwó sílẹ̀ kí géèmù náà tó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 gba ènì sí i: Tyson Fury àti Anthony Joshua, ọmọ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ṣágámù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ̀ṣẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe ará UFC, ìdíje ìjà tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti gídígbò pọ̀. Nǹkan bíi 60 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà. PS4 àti Xbox One nìkan ló wà fún. UFC 5 tó jáde ní 2023 kò ṣiṣẹ́ lórí PS4, nítorí náà ẹni tí PS4 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, UFC 4 yìí náà ni yóò rà.

Ìjà inú rẹ̀ dára. Dídì mọ́ ara ẹni, tó nira nínú UFC 3, ti rọrùn: ọwọ́ lè máa sọ ẹ̀ṣẹ́ níbi tí ẹ ti so mọ́ra, èèyàn sì lè já ara rẹ̀ gbà láìpẹ́. Bí ìjà bá dé ilẹ̀, igi òsì lára páàdì lo máa fi yàn bóyá o fẹ́ dìde, o fẹ́ máa lu ẹni tó wà nísàlẹ̀, tàbí o fẹ́ fún un lọ́rùn. Ẹni tí ìlànà àtijọ́ ti mọ́ lára lè dá a padà nínú Settings. Àṣìṣe tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kàn máa bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ alátakò láti gbé e ṣubú. Èyí tí kò bá bọ́ sí i ń jẹ sìtámínà, ìyẹn okun wọn, kí wọ́n sì tó mí délẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ti bà wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án 2020, nígbà tí apá kejì The Boys, fíìmù alátẹ̀léra, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Amazon, ariwo ta. Bí wọ́n bá fẹ́ fi àtúnwò ẹ̀ṣẹ́ tó dùn han ẹni tó ń fi géèmù náà ṣeré, àwòrán The Boys á kọ́kọ́ bo ojú tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà. Kì í pẹ́ púpọ̀. Àmọ́ ibi tó bọ́ sí ló bí àwọn èèyàn nínú. Àtúnwò yẹn lèrè ẹni tó jà, ibẹ̀ ló ti ń rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wọlé.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni ìgbà tó dé. Ìpolówó yẹn kò sí nínú géèmù náà lọ́jọ́ tó jáde. Àwọn akọ̀ròyìn ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti fún un ní máàkì, oníbàárà ti rà á, kí EA tó tan ìpolówó bí ẹni tan iná. Irú ìpolówó báyìí kì í gbé inú díìsì. Wọ́n á ti ṣí àyè kan sílẹ̀ fún un nínú géèmù. Bí kọ́ńsólù bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, á lọ wo ohun tí iléeṣẹ́ fẹ́ kó gbé síbẹ̀. Ta ló sì lè dá ọjà padà? PlayStation Store fún oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti gba owó rẹ̀, bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé géèmù náà sórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ 14 ti kọjá, géèmù sì ti wà lórí ẹ̀rọ.

EA pa ìpolówó náà láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ohun tí wọ́n sọ dáadáa: wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé a kò fẹ́ ìpolówó nínú àtúnwò. Nípa èyí tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ géèmù àti èyí tó wà nílẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń jà, wọ́n ní ó ti wà tipẹ́.

Ti ilẹ̀ yẹn kò dun ẹnikẹ́ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Octagon gidi, àgò tí wọ́n ti ń jà ní UFC, kún fún àmì ọtí àti ohun mímu; bí wọ́n bá nù ún kúrò nínú géèmù, á dà bí ìjà àdúgbò. Ní 2008 pàápàá, Obama fi pátákó ìpolówó ìbò sí ojú pópó nínú Burnout Paradise lórí Xbox 360, mọ́tò àwọn èèyàn sì ń sá kọjá lára rẹ̀ láìdúró.

EA nìkan kọ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2020 kan náà, ìpolówó Oculus Quest 2, awò VR tí wọ́n ń dé sójú, dí ọ̀nà kí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ nínú NBA 2K21, kò sì ṣeé fò. 2K, iléeṣẹ́ tó ni géèmù náà, ní kò yẹ kó bọ́ síbẹ̀. Capcom ló mọ̀wàáhù jù: ní 2018, wọ́n fi bọ́tìnnì síbẹ̀ nínú Street Fighter V tí èèyàn lè fi pa ìpolówó, ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ń gba Fight Money, owó inú géèmù náà, díẹ̀ sí i. Inú àwọn èèyàn kò dùn náà, àmọ́ ó kéré tán, wọ́n san nǹkan fún wọn.

Ẹni tí irú èyí bá bá lè já íntánẹ́ẹ̀tì kí ìpolówó má bàa wọlé. Lórí PS4, kó wọ Settings, kó tẹ Network, kó sì yọ àmì tó wà níwájú Connect to the Internet. Lórí Xbox One, Settings ni, lẹ́yìn náà General, Network settings, Go offline. Páàdì méjì lórí àga kan náà ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní sí. Bí o bá rà á lórí Store dípò díìsì, rí i pé o ti tẹ Activate as Your Primary PS4 kí o tó já íntánẹ́ẹ̀tì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ géèmù náà lè má ṣí.

Lónìí, UFC 4 tó owó díìsì àlòkù dáadáa. Àwọn géèmù EA tó ń bọ̀ ni kí ẹ ṣọ́: ní oṣù Karùn-ún 2024, Andrew Wilson, ọ̀gá wọn, sọ fún àwọn tó fowó sínú iléeṣẹ́ náà pé ìpolówó lè mú owó gidi wọlé, pé àwọn òṣìṣẹ́ àwọn sì ti ń wo bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ẹ jẹ́ kí géèmù tuntun wọn pé oṣù kan lọ́jà kí ẹ tó rà á.