Mortal Kombat 11 àti Tekken 7: èwo ni kẹ́ ẹ fowó rà fún PS4 yín?

Ẹni tó bá ní PS4, ẹ̀rọ gèémù Sony, nílé l'Adó, n'Ìkẹ́rẹ́ tàbí n'Ìkọ̀lé, tí gbígbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ ti sú, tó wá ń wá gèémù ìjà tí èèyàn méjì lè jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan kí wọ́n nara wọn dáadáa, orúkọ méjì yìí náà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta CD. Owó ò sí níta báyìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra méjèèjì pọ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi ti mọ èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ rà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná.

Ohun kan ká tó bẹ̀rẹ̀. Mortal Kombat 1 tó jáde ní 2023 àti Tekken 8 tó jáde ní oṣù kìíní 2024 ò sí fún PS4 o, PS5 ni wọ́n ń fẹ́, $70 sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lókè òkun. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín wá èyí tó máa ṣiṣẹ́ lórí PS4, ẹ má san àsansílẹ̀ fún un.

Mortal Kombat 11 (MK11) ló máa kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú. Àwọn NetherRealm Studios ti Chicago ló ṣe é, oṣù kẹrin 2019 ló jáde, títí dòní tẹ́ ẹ bá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n tó tóbi, ẹni tí kì í fi gèémù ṣeré gan-an á dúró wò. Aṣọ ọrùn wọn, ojú wọn, bí egungun ṣe ń ṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló mọ́ kedere. Ìtàn inú ẹ̀ náà dùn, fíìmù pátápátá ni: obìnrin kan tó ń jẹ́ Kronika tó ń darí àkókò ló da ayé rú, làwọn tó ti dàgbà nínú ìtàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ẹ máa rí Johnny Cage àgbàlagbà tó ń lu Johnny Cage ọ̀dọ́ torí pé ìwà ìgbéraga ọ̀hún ti sú òun fúnra ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ jàre. Kò sì gba dátà kankan láti ta apá ìtàn yẹn.

Ó tún mọ èèyàn kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni jà nínú ẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹ́ ẹ ṣe máa fi bọ́tìnì R2 dínà títí dé orí àwọn nǹkan tó jẹ́ pé àwọn tó ń fi gèémù jẹun nìkan ló máa ń rò ó. Tí ẹ̀jẹ̀ yín, ìyẹn ìlà tó ń fi okun oníjà hàn lókè, bá sì ti fẹ́ tán, ẹ lè tẹ L2 àti R2 pọ̀ láti ṣe Fatal Blow, ìkọlù ńlá kan tó lè yí gbogbo ìjà padà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè wọlé látìbẹ̀rẹ̀ ìjà dé òpin, torí náà ẹni tó bá ti lò ó ní ráùndì àkọ́kọ́ ti yin ìbọn ẹ̀ tán nìyẹn. Èyí ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ gèémù púpọ̀ náà rí ọ̀nà gbé e gba ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ti máa dùn yín rèé. Ìdajì adùn gèémù yìí, íntánẹ́ẹ̀tì ló wà lábẹ́ ẹ̀. Krypt, erékùṣù Shang Tsung tẹ́ ẹ ti ń rìn kiri tẹ́ ẹ ń fi owó tẹ́ ẹ jẹ nínú gèémù ṣí àpótí, ẹ ò lè wọ̀ ọ́ tẹ́ ò bá sí lórí nẹ́tíwọ̀kì. Towers of Time, àwọn ìjà ìpèníjà tí wọ́n máa ń pààrọ̀, náà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá rò ó: èèyàn tan jẹ́ẹ̀nì, fúẹ́lì ń jó, ó wá tún ní láti tan hotspot fóònù kó tó lè lọ ṣí àpótí tí aṣọ Scorpion, ọ̀kan lára àwọn oníjà, wà nínú ẹ̀. Update ẹ̀ náà wúwo, ẹni tó bá fẹ́ wà á sílẹ̀ pẹ̀lú dátà ara ẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, kódà ó dáa kẹ́ ẹ gbé PS4 lọ bá ẹni tó ní wifi.

Ọ̀rọ̀ ilé náà tún wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú MK11 ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń fa ọpọlọ yọ, wọ́n ń gé èèyàn sí méjì, ọmọ ọdún 17 sókè ni Amẹ́ríkà ní kó máa ta á, nígbà tí Tekken 7 jẹ́ ti ọmọ ọdún 13 sókè. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí tó jẹ́ pé pálọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wà, tí màmá sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí kíṣìnì, á ṣàlàyé títí. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò kékeré nílé, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Tekken 7 ńkọ́? Ti Japan nìyẹn, Bandai Namco ló ṣe é, ó ti wà ní ilé gèémù lọ́dọ̀ wọn láti 2015 kó tó wọ PS4 ní oṣù kẹfà 2017. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ó sì hàn lójú ẹ̀, kò dán tó MK11. Ṣùgbọ́n ìjà inú ẹ̀! Bọ́tìnì mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sí bọ́tìnì ìdínà kankan, ẹ ṣáà fà á sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ta Tekken 3 lórí PS1 ayé ọjọ́un ò nílò àlàyé, wọ́n á gba pádì, wọ́n á mú Eddy Gordo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìtẹ̀kútẹ̀, wọ́n á sì nà yín. Ó máa ń bíni nínú o, àmọ́ ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí bàbá ọmọ àti ọmọ lè jọ ta á.

Tí ẹ̀jẹ̀ oníjà méjèèjì bá ti kù táńtán, tí wọ́n wá gbé ẹ̀ṣẹ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí, gèémù fúnra ẹ̀ á falẹ̀, gbogbo nǹkan á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí ẹsẹ̀ Hwoarang tó ń bọ̀, ẹ máa rí ọwọ́ Paul tó ń bọ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó máa kọ́kọ́ balẹ̀. Gbogbo ilé á ti dìde dúró, ariwo á sọ, ẹni tó ń sùn ní yàrá á jí. MK11 pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní nǹkan tó tó ìyẹn. Ráùndì mẹ́ta lẹni tó máa jẹ gbọ́dọ̀ gbà ní Tekken, méjì ni ti MK, torí náà ẹni tí wọ́n nà ní ráùndì àkọ́kọ́ ṣì ní àyè láti ronú.

Kò sì sí ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fi kan èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Treasure Battle, níbi tẹ́ ẹ ti ń bá kọ̀ǹpútà jà kẹ́ ẹ lè rí aṣọ àti owó, iná àti pádì nìkan ló ń fẹ́. Ẹ wo Arslan Ash, ọmọ Lahore ní Pakistan tó ń ta Tekken 7: ó gba EVO Japan, ìdíje ńlá àwọn gèémù ìjà, ní oṣù kejì 2019, ó tún lọ sí Las Vegas lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ó gba EVO. Inú ilé gèémù lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ń lu ara wọn lójoojúmọ́. Kí lẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ilé gèémù tó wà lọ́nà Ìwòròkò, níbi táwọn ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti máa ń kún bí kíláàsì bá ti parí?

Àléébù ẹ̀ pọ̀ ṣá. Kì í kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, wọ́n kàn ju ìwé bí wọ́n ṣe ń jà sílẹ̀ fún yín ni, ó kù sọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó máa gbé yín sókè, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ balẹ̀, ẹ máa dà bí iyán inú odó, ẹ kàn máa gbé pádì sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ni. Ìtàn ẹ̀ náà, ìjà Heihachi àti Kazuya, bàbá àti ọmọ, ó dáa níbẹ̀rẹ̀ àmọ́ oníròyìn kan ló ń ka ìyókù fún yín bí ẹni tó ti rẹ̀. Tekken Ball, bọ́ọ̀lù táwọn oníjà ń gbá síra wọn láyé Tekken 3, wọn ò gbé e wá.

Ní ti iye oníjà, MK11 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 25, ẹ̀dà Ultimate ló ní gbogbo 37, títí kan Rambo, RoboCop àti Terminator. Tekken 7 ti ju 30 lọ látìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi owó kún un, kí lẹ tún ń wá.

Tèmi ni pé, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbé, tẹ́ ẹ ní nẹ́tíwọ̀kì tó dúró, tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù, ẹ ra MK11, ẹ ò ní kábàámọ̀. Àmọ́ ẹni tí ilé ẹ̀ kì í dá, tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń ya wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tẹ́ni tí wọ́n bá nà á dìde kẹ́lòmíì jókòó, Tekken 7 ni. Ẹ ṣì máa máa ta á nígbà tẹ́ ẹ bá ti wo ìtàn Kronika tán tó ti kúrò lórí ẹ̀mí yín.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ yí ẹ̀yìn CD wò lójú oòrùn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi sínú PS4 kó gbé e títí dé ibi tẹ́ ẹ ti máa yan oníjà. Kóòdù tí wọ́n fi ń gba àfikún, tó wà nínú páálí MK11, ẹni àkọ́kọ́ lè ti lò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi owó kún un. Ẹ sì yọ owó pádì kejì sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó ná gbogbo ẹ̀ sórí CD, torí kí lèèyàn fẹ́ fi pádì kan ṣe nínú ìjà? Bẹ́ ẹ bá ń dán pádì yẹn wò, ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, tí oníjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra ẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.