Ìjàpá tàbí 504: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bá ti wọ̀ lọ́kàn kì í gbàgbé ìró rẹ̀. Ti Volkswagen Beetle tí a ń pè ní Ìjàpá máa ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá, patapatapata, bí ẹni ń lu pákó. Ti Peugeot 504 wà níwájú, ó sì ń kùn bí oyin. Mo fẹ́ràn méjèèjì, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi tú méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì

Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sára sílíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Kò sí omi tó máa jò, kò sí họ́ọ̀sì tó máa bẹ́. Àmọ́ bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù yẹn àti jẹnẹrétọ̀ tó ń cháàjì bátìrì. Tó bá já, iná pupa á tàn níwájú yín. Ẹ má ṣe ní ẹ fẹ́ délé kí ẹ tó wò ó. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ò kàn mọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọ́ìlì tó ń gbà kò ju nǹkan bíi lítà 2.5 lọ, asẹ́ lásán ló sì ní dípò fílítà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5,000, tí a sì ń tún fáàfù rẹ̀ wọ̀n nígbà kan náà. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1971, ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ sí sílíńdà kẹta, sílíńdà yẹn ló sì máa ń gbóná jù. Òun ni kí ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba irinṣẹ́ rárá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ di púlì ìsàlẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì yí ká, mú dáadáa, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ "kó", tí ẹ sì fojú rí i pé ó ń rìn, inú ẹ́ńjìnnì náà ti jẹ. Ẹ mọ̀ pé ẹ máa tú u palẹ̀ nìyẹn.

Omi ló ń mú ti 504 tutù. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1968, ẹ́ńjìnnì 1796 cc ló wà nínú rẹ̀. Ti 1971 cc dé ní 1970. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ihò tí písítínì ti ń lọ tó ń bọ̀ ṣeé yọ. Tó bá jẹ, ẹ ò ní gbé búlọ́ọ̀kù lọ gbẹ́. Ẹ yọ ògbólógbòó, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni kí omi gbẹ lára rẹ̀. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá funfun bíi mílíìkì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ti lọ.

Ti oní-kábúrétọ̀ ni kí ẹ mú. Èyí tó ní ìnjẹ́ṣọ̀nù Kugelfischer, ẹ̀rọ tó ń fín epo fún ẹ́ńjìnnì dípò kábúrétọ̀, lágbára jù ú lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ mọ́.

Ara ọkọ̀

Ara ni kí ẹ rà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ jíà. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ ọ́ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Irin tó ti dógùn-ún ni kì í tán nílẹ̀.

Ìjàpá àkọ́kọ́ tí mo rà, ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Lọ́jọ́ kejì mo gbé àga ẹ̀yìn sókè, níbi tí bátìrì máa ń wà, mo sì rí yanrìn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ásíìdì ti jẹ irin ibẹ̀ tán, ẹni tó tà á fún mi sì ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e. Látìgbà yẹn, mágnẹ́ẹ̀tì kékeré kì í kúrò lápò mi. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, pútì ni. Ẹ fi yẹ irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ló gbé gbogbo ara ró.

Ní ti 504, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọlé, kí ẹ wá wo irin abẹ́ ilẹ̀kùn, bóyá wọ́n ti dógùn-ún.

Ìrìn àti pààtì

Níbí, 504 kò lẹ́gbẹ́. Àga rẹ̀ rọ̀, èèyàn márùn-ún á jókòó pẹ̀sẹ̀, ó sì ń gun kòtò bí ẹni gun tìmùtìmù. Òun ni Ove Andersson, awakọ̀ ìdíje ará Sweden, fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya lọ́dún 1975. Ìjàpá àtijọ́ kò fẹ́ kí ẹ ṣàdédé tẹ bírékì lójú kọ́ọ̀nà, torí ẹ̀yìn ló wúwo sí.

Ní ti pààtì, Ìjàpá ló borí. Wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù 21 lọ. Puebla ní Mẹ́síkò ni èyí tó kẹ́yìn ti jáde ní 2003. 504 ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, pààtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòro rí. Iná ẹ̀yìn, gíríìlì àti dáṣíbọ́ọ̀dù tí kò sán ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Èyí tí gbogbo ìwọ̀nyí bá pé lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé ẹbí rin ọ̀nà jíjìn, 504 ni. Bí ó bá ń wù yín láti fi ọwọ́ ara yín mọ ẹ́ńjìnnì, Ìjàpá ni, òun lèmi náà á sì mú. Èyíkéyìí tí ẹ bá lọ wò, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá tutù, ẹ ṣáná, kí ẹ sì lọ dúró sẹ́yìn sáléńsà. Èéfín búlúù díẹ̀ lára Ìjàpá tó sì pòórá, kò burú, ọ́ìlì tó rọra jò wọ sílíńdà tó dùbúlẹ̀ ni. Èyí tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.