Ilé ìgbaninímọ̀ràn kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Nígbà tí mo tẹ̀ lé àbúrò mi obìnrin, tí oyún dé bá láìròtẹ́lẹ̀, lọ síbẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó síta, kí ó lè gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àbúrò mi ròyìn pé ó ṣàlàyé pé òfin fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ kìkì láti dá ẹ̀mí ìyá sí, ó sì sọ nípa ìtọ́jú aboyún àti bí ìjọba ṣe ń fa ọmọ lé alágbàtọ́ lọ́wọ́. Kò dá a lẹ́bi, kò sì bá a yàn. Ògiri yàrá náà fẹ́lẹ́ jù (èmi fúnra mi ní láti sún sẹ́yìn kí n má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn).