Krimínọ́lọ́jì ní Yunifásítì: Ibi Tó Ti Tó Owó Ẹni àti Ibi Tí Kò Tó

Ẹni tó bá fẹ́ ka krimínọ́lọ́jì torí àtidi ọlọ́pàá, kó rọra ná. Ẹ̀kọ́ yìí kì í kọ́ni ní ìbọn yíyìn, kì í sì í kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù. Àwọn tó ka kẹ́mísírì àti bàyókẹ́mísírì ló ni ìyẹn. Kò sì lè sọ ẹnikẹ́ni di lọ́yà. Ohun tó ń bi léèrè ni pé: kí ló ń mú èèyàn rú òfin, kí ni ìlú ń ṣe fún un tó bá rú u, ṣé ohun tí ìlú ń ṣe ọ̀hún sì ń dín ìwà ọ̀daràn kù? Ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ìwé máa ń sú, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Fún ará Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ní ṣọ́ọ̀bù, NOUN (National Open University of Nigeria, yunifásítì tí èèyàn ti lè máa kàwé nílé) ló rọrùn jù. Criminology and Security Studies ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kírẹ́dítì 5 ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ìjókòó ò sì gbọdọ̀ ju 2 lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìwé kíkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. TMA, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń fún máàkì, ló ni máàkì 30, ìdánwò ló ni 70. Ohun méjì ló sì máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú: wọ́n á máa sọ pé TMA di ọ̀la títí wọ́n á fi tì í, máàkì 30 á sì lọ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí wọ́n gbàgbé pé ti ìdánwò tún dá dúró, ó sì ní owó tirẹ̀.

Ibi tó dùn jù ni àwọn tíọ́rì. Ẹ wo ti àwọn onímọ̀ méjì, Cohen àti Felson, 1979. Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí olè jíjà tó wáyé: ẹni tó fẹ́ jalè, ohun tó ṣeé jí, àti àìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ká ní ọ̀kadà ń sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Kì í sọnù lọ́jọ́ Àlàrùba, kì í sọnù lọ́jọ́ Àlàmísì, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni, láàárín aago kan sí méjì. Olè ò pọ̀ sí i lọ́jọ́ Jímọ̀ o. Ọ̀kadà ló pọ̀ sí i lójú kan, tí gbogbo àwọn olówó rẹ̀ sì dojú kọ iwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ lè ṣe ju ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ. Àbùkù tíọ́rì yìí ni pé kò sọ ohun tó mú olè náà di olè. Ibẹ̀ ni ti onímọ̀ kan, Merton, 1938, ti wúlò: ìlú ń fi ọlá han gbogbo èèyàn, àmọ́ ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ò gba gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn tí ọ̀rọ̀ Yahoo ò ní wá sí lọ́kàn. Ti Lombroso, dókítà ará Ítálì tó ní ojú lèèyàn ti ń mọ ọ̀daràn, torí ká lè mọ̀ pé irọ́ ni la ṣe ń kà á.

Ti òfin kò gùn. Criminal Code, ìwé òfin lórí ìwà ọ̀daràn, là ń lò nílẹ̀ wa, Penal Code ni ti òkè Ọya. Òfin 2019 tó yí orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà fàyè gba kí wọ́n fi ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré síṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́, October 2021, á mọ̀ pé àwọn tí ẹjọ́ wọn ò tíì parí ló sá lọ. Ọ̀rọ̀ nípa ìdádúró ẹjọ́ kúrò ní ti inú ìwé nìyẹn.

Pírójẹ́ẹ̀tì ló máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára. Fọ́múlà Yamane ni wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tí wọ́n á bi léèrè: tí èèyàn bá jẹ́ 1,000, tí àṣìṣe sì jẹ́ 0.05, ẹ pín 1,000 sí ọ̀nà 3.5 (ìyẹn 1 + 1,000 × 0.05 × 0.05), ó di 286. Ìyẹn rọrùn. Ìbéèrè ni wọn ò mọ̀ ọ́n kọ. Wọ́n á ní kí èèyàn kọ orúkọ, wọ́n á wá bi í bóyá ó ti ra ọjà olè rí. Ta ni yóò jẹ́wọ́? Ẹ yọ orúkọ kúrò, kẹ́ ẹ sì bi í pé “Ṣé ó rọrùn láti rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rà ládùúgbò yín?” Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ béèrè ọ̀rọ̀, kó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àṣẹ láti 300 level.

Tó bá di ti iṣẹ́, mo fún ẹ̀kọ́ náà ní 4 nínú 5, mo fún iṣẹ́ tó ń tètè mú wá ní 2. Ọlọ́pàá ń gba oní-dígírì sí ipò ASP (Assistant Superintendent of Police), àmọ́ ẹni tó ka nǹkan míì náà lè wọlé, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni ín. Ibi tí mo gbà pé ó ti ń sanwó ni bánkì, lẹ́ka tó ń ṣọ́ jìbìtì, pàápàá fún ẹni tó bá fi Excel àti ìwé ẹ̀rí CFE (Certified Fraud Examiner, ti àwọn tó ń wádìí jìbìtì) kún un. Àwọn àjọ tó ń ran ẹlẹ́wọ̀n àti ọmọdé tó rú òfin lọ́wọ́ tún wà, owó wọn ni kì í pọ̀. Ti Civil Defence, Immigration àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, CDCFIB, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó wọn, ló ń gba òṣìṣẹ́ wọn, ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kóun bá yín ti orúkọ wọlé, òun gan-an lọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì jìbìtì ń bá wí.