Ìpara calcipotriol òun betamethasone fún èékánná tí psoriasis (àìsàn awọ ara tó máa ń ṣí ìpẹ́) bà jẹ́: bó ṣe ṣe lára mi rèé

Kí n tètè sọ ọ́, ìpara yìí ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ tó bá jẹ́ nǹkan tó máa tún èékánná ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ náwó yín sí i.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ọwọ́ mi ni kọ́sítọ́mà kọ́kọ́ ń rí. Ihò wínníwínní ló kọ́kọ́ yọ lórí èékánná mi, bí ìgbà téèyàn fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, lẹ́yìn náà àbàwọ́n rúsúrúsú, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti ń ṣí kúrò lára ẹran, tó bá wá lọ kọ́ léèsì báyìí omi á lé ròrò sí mi lójú. Kẹ́míìsì kan kàn ń ta oògùn fungus, ìyẹn kòkòrò àrùn kan tó máa ń ba èékánná jẹ́, fún mi ṣáá, kò ṣe nǹkan kan. Dókítà awọ ara ló gé díẹ̀ lára èékánná náà lọ sí láàbù, kò sí fungus kankan níbẹ̀, ló bá ní kí n ká apá aṣọ sókè, ó rí ibi tó ń ṣí ìpẹ́ funfun ní ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ní psoriasis kan náà ló wà níbẹ̀ àti lára èékánná mi. Ó tún ní, "Àǹtí, ẹ má fi ẹnu sísọ́ọ̀sì họ abẹ́ ẹ̀ mọ́ o, ibi tẹ́ ẹ bá ti ṣe léṣe ló tún máa bá yọ."

Alẹ́ ni mo máa ń fi ìpara náà pa èékánná, mo máa gé èékánná kúrú, màá wá rọra fi ra ìdí ẹ̀ níbi tí awọ ti bò ó, torí ibẹ̀ ló ti ń hù, ibẹ̀ náà sì ni ihò yẹn ti ń wá. Ẹ ní sùúrù o! Èékánná ọwọ́ ò ju bíi mìlímítà 3 lọ lóṣù, ó máa ń tó oṣù 6 kó tó pààrọ̀ ara ẹ̀, tẹsẹ̀ lè ju ọdún kan lọ. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé èyí tó ń yọ bọ̀ látìdí ń dán, ó ń jọ̀lọ̀, tó fi jẹ́ pé mo rí ààlà tó wà láàárín òun àti èyí tó ti bà jẹ́ kedere.

Ó wọ́n, ìyẹn ò dáa rárá, ó sì máa ń fi ọ̀rá sára aṣọ. Steroid, ìyẹn oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, wà nínú ẹ̀ (betamethasone yẹn ni), àlòjù ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí náà ẹ má rà á lò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Tí oríkèé ìka bá ń wú tàbí tó ń le gan láàárọ̀, ẹ sọ fún dókítà kíá, torí psoriasis lè wọ oríkèé, ìpara ò sì lè débẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fa ọwọ́ sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rí wa, psoriasis kì í ranni rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un, owó ẹ̀ ló jẹ ìkan tó kù.