Ẹ ṣọ́ra: stíkà 2500 lára ríìlì ìpẹja kò sọ ọ́ di 2500

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà tí ẹ ń fi ọ̀pá pẹja, ẹ dákun, ẹ dáwọ́ ìsanwó dúró ná lórí àwọn ríìlì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wé okùn lára ọ̀pá, tí wọ́n ń polówó kiri lórí WhatsApp pé "2500, ojúlówó, ti bass". Nọ́ńbà bíi 2500 ni wọ́n fi ń sọ bí ríìlì ṣe tóbi tó. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń fi han gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tó ń wà nínú páálí kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn kan ń gba 1000 kékeré tí wọ́n lẹ stíkà 2500 mọ́, àwọn mìíràn ń gba 4000 ńlá tó ní stíkà kan náà. Tí oníbàárà bá pè, òǹtajà á ní ṣebí ríìlì náà ni gbogbo wọn. Rárá o!

Bass kì í ṣe ẹja ìbílẹ̀ odò wa, ẹja Amẹ́ríkà ni. Àmọ́ ríìlì tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò fún bass pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bá ẹni tó ń wá epìyà ní adágún Ọpa mu dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọjà rẹ̀ fi ń yá, tí àwọn oníjìbìtì fi rí ọ̀nà gbà wọlé.

Nọ́ńbà ara ríìlì kò ní òṣùwọ̀n kan pàtó tí gbogbo ayé ń lò. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún tirẹ̀ ní nọ́ńbà. Ẹ wo Daiwa àti Shimano, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ríìlì: 2500 Daiwa àtijọ́ tóbi ju 2500 Shimano lọ, àfìgbà tí Daiwa gbé irú ríìlì wọn tó ń jẹ́ LT jáde ní 2018 ni tiwọn tó sún mọ́ ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ má béèrè nọ́ńbà nìkan. Ẹ béèrè iye okùn tí spool ń gbà, ìyẹn ibi tí okùn ń wé sí. 2500 Shimano ń gba nǹkan bíi yáàdì 200 okùn ọ̀rá lb 6 (lb ni pọ́n-ùn, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára okùn), tàbí yáàdì 140 okùn lb 8. Ìwọ̀n tí à ń fẹ́ fún okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn.

Kí ló burú nínú 1000? Ó dára fún okùn lb 2 sí lb 4. Tí ẹ bá wé lb 8 mọ́ spool rẹ̀ tó kéré, okùn á ká kò bíi wáyà: bí ẹ bá ti jù ú, á jáde ní òrùka òrùka, á sì lọ́ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá máa bú okùn, wọn ò mọ̀ pé spool ló fà á. Ti 4000 tún yàtọ̀. Ó wúwo jù fún ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́, okùn púpọ̀ ló sì ń jẹ kó tó kún. Spool tí kò kún sì ń mú kí okùn máa ha etí rẹ̀, kò ní lọ jìnnà. Mìlímítà 3 péré ló yẹ kó ṣẹ́ kù láàárín okùn àti etí spool.

Ẹ mú rúlà dání. Fífẹ̀ spool 2500, láti etí kan dé etí kejì, sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 45 sí 48. Tó bá ti kọjá 50, ẹ fura sí 4000. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú: 2500 kì í sábà ju gíráàmù 300 lọ.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ti ìjánu rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní drag, tó ń jẹ́ kí okùn máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹja bá ń fà á. Wọ́n á kọ "kílò 10" gàdàgbà sára páálí. Kí ni ẹ fẹ́ fi kílò 10 ṣe, nígbà tó jẹ́ pé okùn lb 8 á ti já kó tó pé kílò 4? Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn ni à ń ti ìjánu sí, ìyẹn bíi lb 2 fún lb 8, kò tó kílò kan. Ẹ so okùn mọ́ òṣùwọ̀n àfikọ́ àwọn ẹlẹ́ja, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Tí okùn bá ń jáde geere, ó dára. Tó bá ń dúró, tó ń ta kìjí, ẹ dá a padà, torí ìgbà tó bá ta kìjí yẹn gan-an ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń já.

"Bẹ́rìn 12" tí wọ́n ń pariwo kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wo róláà kékeré tí okùn ń gbà kọjá lára bail, ìyẹn wáyà tó ń darí okùn sórí spool. Ẹ fi fọ́nrán òwú kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fà á: ó gbọ́dọ̀ yí. Èyí tí kò bá yí, okùn á gbẹ́ ojú rẹ̀, ojú gbígbẹ́ náà á sì wá máa gé okùn. Lára tòkunbọ̀, abẹ́ róláà yìí náà ni ìpẹtà omi òkun ń fara pamọ́ sí, bí wọ́n bá ti ẹ̀ nu ìta rẹ̀ dán. Ẹ yí ọwọ́ ríìlì sẹ́yìn pẹ̀lú, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó dúró.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ máa ń gbé aṣọ fún èèyàn ná, kí wọ́n tó wá lóṣòó gbowó. Àwọn ti ìsinsìnyí fẹ́ gba owó pátá kí wọ́n tó gbé páálí fún awakọ̀ ní gáréèjì. Ẹ má gbà. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò spool pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ yín nínú fídíò náà. Ẹ pàdé wọn ní ojú gbangba, lọ́sàn-án, ẹ tú páálí níwájú wọn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ sanwó.

Ẹni tó bá ti sanwó tán, kó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tọ́jú ìjíròrò WhatsApp, rìsíìtì àti páálí náà, stíkà rẹ̀ má kúrò lára rẹ̀ o, kó sì kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.